Ìwé Tí Ìgbìmọ̀ McCarthy Fi Sílẹ̀ ní New Hampshire

Ìgbìmọ̀ ìpolongo ìdìbò kì í pẹ́ láyé. Wọ́n á yá ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo, wọ́n á fa wáyà fóònù wọ inú rẹ̀, wọ́n á kó tábìlì àti àga síbẹ̀, ariwo á sì gba gbogbo ilé kan fún oṣù bíi mélòó kan. Bí wọ́n bá ti ka ìbò tán, kálukú á palẹ̀ mọ́. Onílé á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìwé tó kù nílẹ̀ á di ti agbálẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í sábà ní ìtàn tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún Sẹ́nétọ̀ Eugene McCarthy ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ìparí ọdún 1967 títí di oṣù Kẹta ọdún 1968, wà lára àwọn díẹ̀ tí ìwé wọn kò ṣègbé. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ìgbìmọ̀ yìí ṣe gan-an àti ohun tí aráyé ń sọ pé ó ṣe jìnnà sí ara wọn.

Ìpínlẹ̀ kékeré ni New Hampshire, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì bá Kánádà pààlà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan nígbà náà. Ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdìbò abẹ́lé fún ipò Ààrẹ, láti ọdún 1920 ni tiwọn sì ti ń ṣáájú ti gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù. Wọ́n so ó mọ́ ọjọ́ ìpàdé ìlú, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Kẹta, kí gbọ̀ngàn ìlú má baà jẹ́ èyí tí wọ́n ń tan iná sí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe díẹ̀ kí ariwo tó bá ìdìbò náà, torí pé orúkọ àwọn aṣojú tí yóò lọ sí àpérò ẹgbẹ́ nìkan ni àwọn ènìyàn ń dìbò fún níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1952 ni orúkọ àwọn tó ń du ipò Ààrẹ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìwé ìbò. Lọ́dún yẹn kan náà ni Sẹ́nétọ̀ Estes Kefauver na Ààrẹ Harry Truman níbẹ̀, kí oṣù sì tó parí, Truman kéde pé òun kò du ipò náà mọ́. Àwọn olóṣèlú New Hampshire kò gbàgbé rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú wọn pé ìpínlẹ̀ kékeré lè mi Ààrẹ tó wà lórí oyè.

Allard Lowenstein, agbẹjọ́rò kan láti New York, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e kiri pé ó yẹ kí ẹnìkan láti inú ẹgbẹ́ Democrat dojú kọ Ààrẹ Lyndon Johnson nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún 1968. Ogun Vietnam ló fà á. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà lójú ogun ti ń lọ sí ìdajì mílíọ̀nù, pósí sì ń padà wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lowenstein kan ilẹ̀kùn Robert Kennedy, Kennedy kò gbà. Ó kan ti George McGovern, òun náà ní ìdìbò tòun ní South Dakota ń bọ̀ lọ́nà. Kò sí olóṣèlú ńlá tó fẹ́ fi orí ara rẹ̀ gbá ògiri.

McCarthy ló gbà. Ọmọ ìlú kékeré Watkins ní Minnesota ni, ó ti ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rí, akéwì ni, Kátólíìkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ́ńkì nígbà èwe rẹ̀ sì ni. Àwọn àgbà ní Nàìjíríà lè rántí orúkọ rẹ̀ láti ibòmíràn, torí pé ó wà lára àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó gbé ọ̀rọ̀ ogun Bìáfúrà dé Ilé Aṣòfin Àgbà ní ọdún 1969. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1967, ó kéde pé òun yóò bá Johnson du ipò. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló dárúkọ pé òun yóò ti jà: Wisconsin, Nebraska, Oregon àti California.

New Hampshire kò sí níbẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn ìgbìmọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọjá ìpínlẹ̀ wọn ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà. David Hoeh ń ṣiṣẹ́ ní Dartmouth College nílùú Hanover. Gerry Studds ń kọ́ ọmọ ní St. Paul's School nílùú Concord, lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Washington. Wọ́n kọ ìwé àlàyé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn McCarthy. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìpínlẹ̀ àwọn kéré tó kí olóṣèlú tí kò lówó lè rìn ín já, gbogbo oníròyìn Amẹ́ríkà á sì wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹta, yálà McCarthy wá tàbí kò wá. Bí kò bá wá, Johnson á gba gbogbo rẹ̀ láìsí alátakò, ariwo tí yóò sì tẹ̀ lé e lè pa ìpolongo náà kí ó tó dé Wisconsin. McCarthy lọ́ tìkọ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968 kí ó tó gbà. Ìgbìmọ̀ ti fìdí kalẹ̀ kí olùdíje tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ka ìtàn ọdún yẹn nínú ìwé ìròyìn nìkan á rò pé Washington ló rán wọn níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n fa Washington wá.

Ní Concord ni wọ́n fi ilé iṣẹ́ sí. Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó kà wọ́n kún. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà, John King, ti Johnson ni. Sẹ́nétọ̀ Thomas McIntyre, ti Johnson ni. Bernard Boutin, tó ti di ipò ńlá mú nínú ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n fi ṣe olùdarí ìpolongo Ààrẹ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tó lókìkí jù ní ìpínlẹ̀ náà, Union Leader ti William Loeb nílùú Manchester, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àlàáfíà sétí rárá. Lójú àwọn àgbà òṣèlú wọ̀nyí, àtàrí àjànàkú ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹrù ọmọdé.

Ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ni nǹkan yí padà. Àwọn jagunjagun Àríwá Vietnam àti àwọn alájọṣepọ̀ wọn kọlu ìlú ńláńlá ní Gúúsù Vietnam ní àsìkò ọdún Tet, wọ́n tilẹ̀ wọ ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Saigon. Ìjọba ti ń sọ fún aráàlú pé ogun ti ń lọ sópin, àwòrán tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìdìbò, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ọ̀gágun Westmoreland, tó ń darí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam, ń béèrè 206,000 ọmọ ogun sí i.

Láàrin oṣù kan àtààbọ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ wá. Wọ́n wá láti Yale, Harvard, Columbia àti àwọn iléèwé tó jìnnà dé Michigan. Sam Brown, ọmọ iléèwé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ní Harvard, ló ń ṣètò wọn. Hillary Rodham, tí aráyé wá mọ̀ sí Hillary Clinton, wà lára àwọn tó ń wakọ̀ wá láti Wellesley ní òpin ọ̀sẹ̀ láti wá di ìwé sínú àpòòwé. Òfin kan ni wọ́n bá níbẹ̀: kí wọ́n tún ara wọn ṣe nítorí Gene, ìyẹn Eugene McCarthy. Ọkùnrin tó bá dá irùngbọ̀n sí ní láti fá a, kí obìnrin wọ síkẹ́ẹ̀tì tó gùn tó bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fárùngbọ̀n kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà olùdìbò. Iṣẹ́ wà fún un nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ.

Iṣẹ́ títo orúkọ yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò, torí pé òun ni egungun ẹ̀yìn ìgbìmọ̀ náà, òun náà ni kò sì hàn nínú fọ́tò kankan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní New Hampshire ní ìwé orúkọ àwọn olùdìbò rẹ̀. Wọ́n á gba ìwé yìí, wọ́n á da orúkọ inú rẹ̀ kọ sórí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á to káàdì náà ní àdúgbò àdúgbò àti ojúlé ojúlé, kí ọmọ tó ti Michigan wá, tí kò mọ ọ̀nà, lè rìn láti ilé kejì dé ìkẹta nínú yìnyín láìṣìnà. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe àríyànjiyàn ló bá lọ. Ó lọ gbọ́ ohun tí onílé ní í sọ ni. Nígbà tó bá jáde, á kọ èrò onílé sórí káàdì: ó ti McCarthy lẹ́yìn, ó ń ṣiyèméjì, tàbí kò fẹ́ rí i sójú. Ní alẹ́, káàdì á padà sí yàrá ìsàlẹ̀, àwọn onírùngbọ̀n á tún un tò. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn tó ti gbà ni wọ́n á pè lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa lọ ta ẹni tí kò fẹ́ wọn jí.

Ẹgbẹ́ Johnson náà ṣe káàdì tiwọn. Káàdì ẹ̀jẹ́ ni wọ́n ṣe é, ó ní nọ́ńbà lára, ó sì pín sí mẹ́ta. Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á kọ orúkọ Johnson sórí ìwé ìbò á fi apá kan sọ́wọ́, apá kejì á lọ sí ọ́fíìsì ìpolongo ní ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀kẹta á lọ bá Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní Washington. Àwọn olóṣèlú tó ronú rẹ̀ rò pé ọ̀wọ̀ ni àwọn fi ń wọ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú tí ará New Hampshire fi wò ó yàtọ̀. Kí ni ó kan Ààrẹ nípa ẹni tí mo dìbò fún? Àwọn ènìyàn McCarthy kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n polówó rẹ̀ káàkiri, wọ́n ń béèrè ibi tí ìbò ìkọ̀kọ̀ wọlé sí. Bí káàdì ẹ̀jẹ́ kan bá wà níwájú òǹkàwé lónìí pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀ láti mọ ìdí tí ó fi dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí nínú ìwé ìgbà náà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn sọ fún un.

Ohun kejì tí ìwé ìgbìmọ̀ ń fi hàn ni ìṣirò, ìṣirò yìí sì ni iṣẹ́ ọwọ́ Hoeh àti Studds tó dára jù lójú ẹni tó mọ òṣèlú abẹ́lé. Orí méjì ni ìdìbò náà ní. Ní apá kan, olùdìbò á yan ẹni tó fẹ́ kó di Ààrẹ. Ní apá kejì, á yan àwọn aṣojú 24 tí yóò lọ sí àpérò ẹgbẹ́ ní Chicago. Ìgbìmọ̀ McCarthy rí i dájú pé ènìyàn 24 géérégé ló jáde lórúkọ wọn, kò lé, kò dín. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Johnson, gbogbo olóyè ẹgbẹ́ ló fẹ́ lọ sí Chicago, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún èkejì pé kó jókòó. Wọ́n pọ̀ ju 24 lọ dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìbò ara wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1968, wọ́n dìbò. Johnson, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ìbò tó jẹ́ pé ṣe ni àwọn olùdìbò fi ọwọ́ kọ ọ́, ní ju 27,000 ìbò lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì. McCarthy ní ju 23,000 lọ, ó fi díẹ̀ lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Johnson ló ṣáájú, ṣùgbọ́n nínú àwọn aṣojú 24, McCarthy kó 20. Ní ọjọ́ 16, Robert Kennedy tó ti ní òun kò ṣe jáde láti du ipò náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, Johnson bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kò ní wá ipò náà mọ́, òun kò sì ní gbà á bí wọ́n bá fún òun. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, McCarthy wọlé ní Wisconsin.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: àwọn ọmọ iléèwé tó fárùngbọ̀n rìn nínú yìnyín, wọ́n sì fi ìbò àlàáfíà lé Ààrẹ lọ. Ó dùn-ún gbọ́, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò pé.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan tó wádìí àwọn olùdìbò lọ́dún náà rí ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1969. Nínú àwọn tó dìbò fún McCarthy ní New Hampshire, àwọn tó ń bínú sí Johnson nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù lójú ogun pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ kí ogun parí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta sí méjì. Ènìyàn tó fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ǹbù sí i fi ìbò rẹ̀ fún olùdíje àlàáfíà! Ẹni tó gbọ́ ìròyìn lórí ẹ̀rọ nìkan kò lè rí èyí. Ẹni tó bá lọ sídìí ìwé ìgbìmọ̀ náà, tó wo bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fetí sílẹ̀ ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í lóye rẹ̀. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó gba gbogbo ohun tí McCarthy gbà. Wọ́n béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn sí bí nǹkan ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ ni inú wọn kò dùn, ìdí wọn kò sì bára mu. Lójú òǹkọ̀wé yìí, èyí kò bu iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kù rárá. Ó gbé e ga ni, torí pé wọ́n ṣe ohun tó ṣòro ju ìwàásù lọ.

Báwo ni ìwé náà ṣe yè? Àwọn tó ṣe ìpolongo náà ni kò dúró kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé ìdìbò ni wọ́n ti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní McCarthy Historical Project, láti kó ìwé ìpolongo náà jọ, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù lọ́kàn wọn. Ibi tí ìkójọ náà dé ni ilé ìkàwé Yunifásítì Georgetown ní Washington, àwọn òpìtàn sì ti ń lò ó láti ìgbà náà. Benjamin Stavis, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà láti New Hampshire dé Chicago, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Hoeh ṣe sùúrù jù ú lọ. Ọdún 1994 ni ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìpolongo náà jáde. Tí a bá ka méjèèjì pọ̀, a ó rí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àti Hoeh, alága ìgbìmọ̀ tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà, ṣe rí ohun kan náà. Fún ìhà kejì, àwọn ìwé ìjọba Johnson wà ní ilé ìkàwé rẹ̀ tí wọ́n ṣí nílùú Austin ní ọdún 1971. Kò wọ́pọ̀ kí olùwádìí rí ẹnu àwọn méjèèjì gbọ́ lórí ìjà kan ṣoṣo nínú ìpínlẹ̀ kékeré kan.

Ìgbìmọ̀ tú ká, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tú ká. Sam Brown wà lára àwọn tó ṣètò ìwọ́de ńlá nítorí Vietnam ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Studds wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin láti Massachusetts ní ọdún 1973, ó sì lo ọdún 24 níbẹ̀. Hoeh ló ṣáájú àwọn aṣojú New Hampshire lọ sí Chicago ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn níbẹ̀ tó ń yẹ káàdì àwọn aṣojú wò. Hoeh fura sí ẹ̀rọ náà. Ó ki káàdì ìdánimọ̀ Dartmouth bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ tàn pé kó wọlé. Nígbà tó fẹ́ fi han àwọn oníròyìn, àwọn ọlọ́pàá wọ́ ọ jáde, wọ́n sì mú un. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti fa Hubert Humphrey, igbákejì Johnson, kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ, bẹ́ẹ̀ kò kópa nínú ìdìbò abẹ́lé kankan. Ìbínú tó tẹ̀ lé e ló bí ìgbìmọ̀ àtúnṣe tí McGovern kọ́kọ́ darí, láti ọdún 1972 sì ni ìdìbò abẹ́lé ti di ibi tí ọ̀ràn ti ń yanjú.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nǹkan tó jọ ti 1968 tún ṣẹlẹ̀ ní New Hampshire. Ẹgbẹ́ Democrat ti fi South Carolina síwájú, New Hampshire kò gbà, ó ṣe tirẹ̀ ní àkókò tó wù ú, nítorí èyí orúkọ Ààrẹ Joe Biden kò sí lórí ìwé ìbò. Alátakò rẹ̀ ni Dean Phillips, aṣòfin láti Minnesota gẹ́gẹ́ bíi McCarthy. Àwọn alátìlẹ́yìn Biden ní ìpínlẹ̀ náà kóra jọ, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ó sì borí pẹ̀lú nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣì wà láàyè, ìwé wọn sì wà nínú fóònù àti ímeèlì ju inú dúrọ́ọ̀ lọ. Ó yẹ kí àwọn ilé ìkàwé New Hampshire ti lọ bá wọn báyìí, bí àwọn ti McCarthy ti ṣe ní 1969, kí wọ́n béèrè fún orúkọ, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ fóònù.